Ẹni tó ń ra báàgì wa ní Jámánì ní ká fọwọ́ sí ìwé REACH, òfin kẹ́míkà Yúróòpù. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, kó là mí lọ́yẹ̀. Ó ti ń gba oorun lójú mi.

Ilé iṣẹ́ tí mo wà níbí n'Ìbàdàn ń ṣe báàgì àti sálúbàtà aláwọ. A máa ń fi àdìrẹ tàbí aṣọ òkè sí wọn lára, ìyẹn gan-an làwọn ará òkè òkun sì fẹ́ràn jù. Gbogbo àwa òṣìṣẹ́ kò ju ọgọ́rin lọ. Èmi ni mò ń bójú tó ríra nǹkan. Awọ ń bọ̀ láti Kano, sípù àti irin ìdè sálúbàtà láti ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan l'Ékòó tó ń kó wọn wọlé láti China, gọ́ọ̀mù láti ọjà kẹ́míkà Ọ̀jọ́tà, aṣọ láti Gbági. Etí báàgì, awọ oníke la fi ń ká a, ibi tó bá wà lọ́jọ́ náà la ti ń rà á.

Ẹni tó ń ra ọjà wa ní Jámánì kì í bèèrè ju iye àti ọjọ́ tí ẹrù máa dé lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ìwé gbọọrọ kan ló fi ránṣẹ́. Ó ní ká kọ orúkọ kẹ́míkà SVHC (ìyẹn àwọn tí Yúróòpù kà sí eléwu gan-an) èyíkéyìí tó bá ju ìdá 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ká sì fọwọ́ sí i pé ọjà wa bá òfin REACH mu.

Mo bá pe àwọn tó ń tà fún wa. Onísípù ní, "Àǹtí, sípù ni sípù, kí lẹ tún ń wá nínú ẹ̀?" Aláwọ fi ìwé kan ránṣẹ́ tó ti pẹ́, kò sí nọ́ńbà báàṣì (ìyẹn nọ́ńbà ẹrù tí wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀kan náà) lára ẹ̀, kò sí ohun tó fi hàn pé awọ tiwa ni wọ́n yẹ̀ wò. Onígọ́ọ̀mù ní ara dúrọ́ọ̀mù ni ìwé ẹ̀ wà, ó sì ti ya dànù. Ni ọkùnrin kan bá yọjú, ó ní òun jẹ́ aṣojú, òun á bá wa forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ REACH, òun á sì gba sàtífíkéètì wá fún wa. Mílíọ̀nù náírà mélòó kan ló ń bèèrè. Ọ̀gá wa ti fẹ́ sanwó.

Èmi ni orúkọ mi máa wà lábẹ́ ìwé yẹn. N kò lè fọwọ́ sí ohun tí n kò mọ̀. Ṣé dandan ni ká forúkọ sílẹ̀? Ṣé ká sanwó fún ọkùnrin yìí? Tí a bá sì fẹ́ ṣe é fúnra wa, kí la máa kọ́kọ́ dì mú?

Ẹ̀gbọ́n Olúyọ̀lé

Àbúrò mi, ẹ kú ìpáyà. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín kí wọ́n fi owó wọn sápò. Kò sí ohun tó ń jẹ́ sàtífíkéètì REACH. ECHA, àjọ tó ń mójú tó òfin náà láti Helsinki, kì í fún ilé iṣẹ́ ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà kò ju méjì lọ: èsì àyẹ̀wò láàbù lórí ohun kan pàtó, àti ìwé tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kọ tó sì fọwọ́ sí. Ìwé tí ọkùnrin yẹn fẹ́ tà fún yín, òun náà ló máa tẹ̀ ẹ́.

Ilé iṣẹ́ oníke kan ní Olúyọ̀lé ni mo ti ń ṣe kúọ́líti láti ọjọ́ pípẹ́, àwa náà sì ń gba irú ìwé yìí. Ohun tí mo máa ń rí ni pé àwọn èèyàn á mú àkójọ kẹ́míkà Yúróòpù, wọ́n á fẹ́ kà á láti òkè délẹ̀. Á sú wọn kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ̀yìn ló yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé báàgì kan àti sálúbàtà kan sórí tábìlì, ẹ mú ọ̀bẹ, ẹ tú wọn palẹ̀. Sípù nìkan máa di mẹ́ta: aṣọ etí rẹ̀, eyín rẹ̀, àti irin tí a fi ń fà á. Ẹ kọ ohun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ta ló tà á, kí ni wọ́n fi ṣe é, ṣé ó ń kan ara ẹni tó ń lò ó. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ní fún yín ní wàhálà. Òwú funfun tí wọn kò rẹ láró, páálí inú báàgì, ẹ tètè kọjá lórí ìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni mẹ́rin yìí: awọ, irin, aṣọ tí wọ́n rẹ láró, àti oníke tó rọ̀.

Oníke tó rọ̀ ni iṣẹ́ tèmi, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ẹ̀ díẹ̀. Awọ oníke tí ẹ fi ń ká etí báàgì, PVC ni púpọ̀ nínú wọn. Líle ni PVC fúnra rẹ̀, òróró kẹ́míkà kan ni wọ́n ń pò mọ́ ọn kó lè rọ̀. Láti July 7, 2020 ni Yúróòpù ti fòfin de mẹ́rin nínú àwọn òróró yìí, DEHP, DBP, BBP àti DIBP, tí àpapọ̀ wọn bá ti tó ìdá 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún oníke náà. Gíráàmù kan nínú kílò kan nìyẹn. Ẹ wá wò ó: ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi DEHP rọ PVC, ọgọ́rùn-ún mẹ́ta gíráàmù lè wà nínú kílò kan. Kò sí pé ó ṣèèṣì lé díẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Tó bá wà, láàbù á rí i kedere. Ibi tí èsì ti máa ń wà láàárín méjì ni tí wọ́n bá yọ́ PVC àlòkù mọ́ tuntun, torí náà ẹ bi wọ́n léèrè ìyẹn náà.

Tí ẹ bá ń bèèrè, ẹ má fi orúkọ nìkan bèèrè, ẹ fi nọ́ńbà CAS bèèrè, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan mọ̀. Mo rọ̀ yín, ẹ má gbàgbé èyí. Oníṣòwò kan lè búra fún yín pé kò sí DEHP nínú ọjà òun, kò sì ní parọ́, torí DOP ni òun mọ̀ ọ́n sí. DOP tí wọ́n ń tà lọ́jà yẹn, DEHP náà ni. Nọ́ńbà kan ló bo orúkọ méjèèjì: 117-81-7. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sínú lẹ́tà yín, kí ẹ sì ní kó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó fọwọ́ sí i, kó kọ nọ́ńbà báàṣì sí i.

Aṣọ: àró èlú tí àwọn ìyá wa fi ń rẹ àdìrẹ kì í ṣe azo (ẹ̀yà aró oníkẹ́míkà kan), indigo tí wọ́n ń ṣe nílé iṣẹ́ náà kì í ṣe azo. Ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Àwọn láínìn (aṣọ inú báàgì) pupa, ìyeyè àti dúdú olówó pọ́ọ́kú, àti òwú aláràbarà inú aṣọ òkè, ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí láàbù. Azo kan wà tó máa ń tú jáde di kẹ́míkà tó ń fa jẹjẹrẹ. Irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ 22 ni òfin dárúkọ, ìkọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 30 nínú kílò kan lọ.

Ará Bremen

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti apá ibí. Ilé iṣẹ́ tó ń kó aṣọ àti bàtà wọ Jámánì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo sì ń fi irú ìwé yẹn ránṣẹ́ sáwọn èèyàn.

Ẹ̀yin kọ́ ni òfin REACH máa mú, àǹtí mi. Ẹni tó kó ọjà wọ Yúróòpù ni. Ìyẹn ló fà á tó fi ń lé yín kiri. Forúkọ-sílẹ̀ tí aṣojú yẹn ń sọ, kẹ́míkà fúnra rẹ̀ ló wà fún, bí ẹnì kan bá ń ṣe é tàbí tó ń kó o wọlé tó tọ́ọ̀nù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún. Báàgì kì í ṣe kẹ́míkà. Àfi tí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ fi lọ́fínńdà sínú ẹ̀ kó lè máa ta sánsán jáde, ìyẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ máa fi yàtọ̀.

Ohun tó kan ẹni tó ń rà lọ́wọ́ yín ni abala 33 nínú òfin náà. Tí SVHC kan bá ju ìdá 0.1 lọ nínú ọjà, ó gbọ́dọ̀ sọ fún ilé ìtajà tó gbé e fún, ó kéré tán kó dárúkọ kẹ́míkà náà. Tí ẹni tó ń ra báàgì lọ́jà bá bèèrè, láàárín ọjọ́ 45 ni wọ́n gbọ́dọ̀ dá a lóhùn, lọ́fẹ̀ẹ́. Láti January 5, 2021, ó tún gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú àkójọ ECHA kan tí wọ́n ń pè ní SCIP. Tí ẹ bá rí SVHC, ẹ sọ ọ́. Wíwà nínú àkójọ SVHC kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti fòfin dè é, wọ́n ní kí ẹ sọ ọ́ ni. Àwọn tí wọ́n fòfin dè, irú èyí tí ẹ̀gbọ́n kà sílẹ̀ yẹn, àkójọ mìíràn ni tiwọn.

Ìdá 0.1 yẹn, kì í ṣe odindi báàgì la fi ń ṣírò ẹ̀. Ilé ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti dá a lẹ́jọ́ ní September 10, 2015 pé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan tó ti jẹ́ ọjà fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó tò ó pọ̀ ṣì jẹ́ ọjà. Irin tí a fi ń fa sípù kò ju ìka lọ, àmọ́ tí lẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ bá lé, ó lé nìyẹn, bó ti wù kí awọ tó yí i ká wúwo tó.

Àkójọ SVHC yẹn náà ń dàgbà. Kẹ́míkà 15 ló wà nínú ẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008, ó ti lé ní 240 báyìí, wọ́n sì sábà máa ń fi kún un ní January àti June.

Aláwọ Mọ́níyà

Mo ń bá àwọn tó ń ṣe awọ ní Kano rajà, mo ń kó o wá s'Íbàdàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí awọ, torí ibẹ̀ ni ẹrù ti máa ń bàjẹ́ lójú òkun.

Kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní chrome ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ awọ. Èyí tí wọ́n ń lò nínú àgbá tí wọ́n ti ń ṣe awọ, irú tí wọ́n ń pè ní chrome kẹta (III) ni, kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Chrome kẹfà (VI) ni Yúróòpù ń bẹ̀rù, torí ó máa ń mú ara yún, ó sì lè fa jẹjẹrẹ. Láti May 1, 2015, awọ tó bá ń kan ara kò gbọ́dọ̀ ní tó mílígíráàmù 3 rẹ̀ nínú kílò kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé chrome kẹta lè yí padà di kẹfà lẹ́yìn tí awọ ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Ooru, oòrùn, afẹ́fẹ́ gbígbẹ, ọ̀rá tí kò dáa tí wọ́n fi rọ awọ, gbogbo ìwọ̀nyí ló ń fà á. Awọ tó yege ní Kano lè kùnà ní Hamburg, kí ẹnikẹ́ni má sì parọ́.

Torí náà, tí ẹ bá ń fi awọ ránṣẹ́ sí láàbù, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sínú ooru 80°C fún wákàtí 24, ìyẹn ìlànà àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní ISO 10195, kí wọ́n tó wá yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ISO 17075. Èyí ló máa sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nínú kọ̀ńténà. Ẹ̀rọ XRF tí wọ́n ń nà sí nǹkan bí ìbọn yẹn dáa fún lẹ́ẹ̀dì àti cadmium nínú irin, àmọ́ kò lè sọ chrome kẹta yàtọ̀ sí kẹfà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn gba owó yín lórí awọ.

Ẹ bi ẹni tó ń ṣe awọ yín bóyá ó ń fi nǹkan láti ara igi kún un ní ìparí. Ìyẹn máa ń dá chrome kẹfà dúró. Àwọn kan ní Kano ṣì ń fi bàgàrúwà nìkan ṣe awọ. Irú èyí kò ní chrome rárá, ó sì dára púpọ̀ fún sálúbàtà. Ilé ẹ̀kọ́ NILEST wà ní Zaria, iṣẹ́ awọ ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, ẹni tó ń ṣe awọ fún yín lè lọ bá wọn fún ìmọ̀ràn. Lọ́dọ̀ yín náà, ẹ má tọ́jú awọ sí abẹ́ páànù tí kò ní síílìn.

Ọmọ Bẹẹrẹ

Gbogbo eléyìí, ṣé kì í ṣe pé àwọn òyìnbó kàn ń fi òfin dí ọ̀nà mọ́ wa? Kí a tó gbọ́ orúkọ REACH la ti ń ṣe awọ, la ti ń rẹ aró. Ẹ tà á níbí, ẹ tà á sí Ghana. Kò sẹ́ni tó máa bi yín ní ìbéèrè.

Ẹ̀gbọ́n Olúyọ̀lé

Ẹ̀yin Ọmọ Bẹẹrẹ, mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Òótọ́ ni pé ìnáwó òfin yìí wúwo lórí ilé iṣẹ́ tí kò tóbi ju ẹni ọgọ́rin lọ. Ilé iṣẹ́ ńlá ní odindi yàrá àwọn tó ń ṣe é, tiwa wà lọ́rùn ẹni kan ṣoṣo tó tún ń ra bébà ìwé ọ́fíìsì. N kò ní bá yín jiyàn lórí ìyẹn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi lórí gọ́ọ̀mù. Tí ẹ bá wo ìwé tí ará Jámánì yẹn fi ránṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí gọ́ọ̀mù yege níbẹ̀ pátápátá. Ẹ mọ ìdí? Ohun olómi tó wà nínú gọ́ọ̀mù ti fò lọ kí báàgì tó dé Hamburg. Ibo ló fò lọ? Imú àwọn ọmọ tó ń lẹ bàtà ní yàrá tí fèrèsé kan ṣoṣo wà. Òfin Yúróòpù ń ṣọ́ ẹni tó máa gbé báàgì. Ẹni tó lẹ̀ ẹ́, àwa ló yẹ ká ṣọ́ ọ.

Láàárín ọdún 1970 sí 1980, àwọn dókítà ní Istanbul rí i pé àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ń pa àwọn oníbàtà tó ń lo gọ́ọ̀mù tí benzene wà nínú ẹ̀. N-hexane ní tirẹ̀ máa ń ba iṣan jẹ́: ẹsẹ̀ àti ọwọ́ oníbàtà á kọ́kọ́ kú tipiri, tó bá yá kò ní lè rìn dáadáa mọ́. Oníbàtà bíi tiwa ni wọ́n. Àwa náà sì ti rí tiwa nílẹ̀ yìí: ní Zamfara lọ́dún 2010, lẹ́ẹ̀dì láti ibi tí wọ́n ti ń lọ òkúta góòlù pa àwọn ọmọdé tó lé ní irínwó. Òyìnbó kọ́ ló fi ìyẹn dí ọ̀nà mọ́ wa.

Àbúrò mi, ẹ padà lọ bá onígọ́ọ̀mù yín. Ẹ ní MSDS lẹ fẹ́, ìyẹn ìwé tó ń sọ ohun tó wà nínú kẹ́míkà àti ewu rẹ̀, èyí tó ní ìpín 16, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe gọ́ọ̀mù náà gan-an, kì í ṣe èyí tí wọ́n wà jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣí ìpín 3. Ẹ wá 71-43-2, benzene nìyẹn. Tí ẹ bá rí i, ẹ má ra gọ́ọ̀mù náà mọ́. Ẹ wá 110-54-3, n-hexane, àti 108-88-3, toluene. Tí wọ́n bá wà níbẹ̀, ẹ lọ ka ìpín 8, ibẹ̀ ni wọ́n kọ irú ìbòmú àti afẹ́fẹ́ tó yẹ. Tó bá ní òun kò ní MSDS, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ọ̀jọ́tà kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan.

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àánú wa. Gbogbo yín, mo dúpẹ́ gan-an. Mo tẹ ọ̀rọ̀ yín jáde, mo fún ọ̀gá kà. Wọ́n ti sọ fún aṣojú náà pé kó má wulẹ̀ padà wá. Wọ́n sì ní kí káfíńtà wá wo yàrá tí a ti ń lẹ̀ ẹ́, kó la fèrèsé mìíràn sí i.

A tú báàgì náà palẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni sípù. Irú ẹ̀ tó wà nínú ìtajà wa pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, torí èyí tí owó rẹ̀ bá kéré jù là ń rà. Onísípù ṣì ní òun kò ní kọ ìwé kankan. Ṣé gbogbo ẹ̀ ni màá máa fi ránṣẹ́ sí láàbù? A kò lówó ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Olúyọ̀lé

Rárá o. Ẹ dín irú ẹ̀ kù. Àwọ̀ méjì, ìwọ̀n méjì, ó tó fún báàgì tí ẹ ń kó ránṣẹ́ sí òkè òkun. Sípù wà tó ní OEKO-TEX Standard 100, ìyẹn sàtífíkéètì pé wọ́n ti yẹ ọjà wò fún kẹ́míkà tó léwu. Nọ́ńbà wà lára sàtífíkéètì ìyẹn tí ẹ lè fi yẹ̀ ẹ́ wò lórí wẹ́ẹ̀bù wọn, ẹ ó rí orúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n fún àti irú ọjà tó kàn. Ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó, torí ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Tí ẹ bá ra púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, onísípù tó kọ̀ lónìí lè rántí ibi tí ìwé wà.

Ní ti láàbù, ẹ lọ sí èyí tó ní ISO 17025 (ẹ̀rí pé láàbù kúnjú ìwọ̀n) fún àyẹ̀wò yẹn gan-an, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n lè da nǹkan irú kan náà méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbà. Irin ìdè sálúbàtà ń kan ara, ẹ má fo àyẹ̀wò níkẹ́lì rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ìwé tí ẹ fi ń ra ọjà ni kí ẹ ṣàtúnṣe sí. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó ń tà kò gbọdọ̀ yí ibi tó ti ń rà á tàbí ohun tí wọ́n fi ṣe é padà láìsọ fún yín. Ẹ máa gé díẹ̀ lára báàṣì kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé, ẹ fi sínú àpò lẹ́tà, ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó tà á sí i, ẹ tọ́jú ẹ̀. Láìsí ìyẹn, èsì àyẹ̀wò tí ẹ ná owó lé lórí jẹ́ ti ẹrù tó ti tà lọ.

Ará Bremen

Àti ìwé tí ẹ máa fọwọ́ sí, ẹ má kọ pé "ọjà wa bá REACH mu" kí ẹ sì dákẹ́ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè jẹ́rìí ìyẹn. Irú ohun tí mo máa ń tẹ́wọ́ gbà rèé:

"Fún báàgì àti sálúbàtà inú àṣẹ ìrajà yìí nìkan, gẹ́gẹ́ bí ìwé àwọn tó tà fún wa àti èsì láàbù tó wà nínú àpò yìí, kò sí SVHC tó ju ìdá 0.1 lọ nínú ẹ̀yà kankan, àyàfi àwọn tí a kọ sí ìsàlẹ̀. Àkójọ SVHC ti oṣù (ẹ kọ oṣù náà síbí) ni a lò. Awọ, oníke rírọ̀, irin àti aṣọ aláró ni a yẹ̀ wò ní láàbù. Ìyókù, ìwé ẹni tó tà á la gbára lé."

Ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ kọ nọ́ńbà àwọn báàṣì, kí ẹ tó wá fọwọ́ sí i. Tó bá di January tàbí June tí wọ́n fi kún àkójọ, ẹ tún un wò.